Ta Ni Yóò Bá Ìwé Ìròhìn Wí?

(Ọ̀rọ̀ tí Olóòtú ìwé ìròhìn yìí sọ níwájú àpéjọ àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé ìròhìn àti àwọn aṣojú wa láti ìlú gbogbo)

Nígbà tí ìwé ìpè yín dé ọwọ́ wa, ohun tí ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni agbára ìwé ìròhìn. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a yí i padà díẹ̀. Nípa ti agbára, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ yín. Ẹni tí ó bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròhìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti mọ bí agbára náà ti pọ̀ tó. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa láti sọ ni ti àṣìṣe àwa tí a di agbára náà mú.

Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni àwa oníwèé-ìròhìn kò tí ì bá wí? A ti bá gómìnà wí, a ti bá ọba wí, a ti bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú wí, a ti bá ọlọ́pàá àti àwọn dókítà wí, àní a ti bá àwọn onílù ìlú kan wí rí pé ìlù wọn kò jẹ́ kí aráàlú sùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí a kò bá ẹnikẹ́ni wí, àwọn òǹkàwé wa a máa rò pé ara wa kò dá. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni ẹ ti ṣí ìwé ìròhìn kan, tiwa tàbí ti ẹlòmíràn, tí ẹ rí i kà pé: "Àwa ni a jẹ̀bi, báyìí ni a sì ṣe jẹ̀bi"? Àwọn baba wa wí pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí bí ó bá jẹ́ ti ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ni ojú àti ẹnu aráàlú. Àwa ni a sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara wa, nítorí náà kò sí bí a ó ti fi òwe yẹn ṣe ibi ìsá di.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì wa láti ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó kọ ọ́, ẹni tí a mọ̀ dáadáa, tí ó ti bá wa rin oòrùn rin òjò nígbà ìdìbò. Ó ní akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ìlú náà ti fi owó ẹgbẹ́ kọ́ ilé. Akápò náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Ẹgbẹ́ kejì ni ó wà. A kò ní tàn yín: ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa nìyẹn. A kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìlú náà. A kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọkùnrin náà. A kò tilẹ̀ béèrè ọdún tí ó kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ìbá ti gbà wá, nítorí ilé náà ti wà lórí ìdúró kí wọ́n tó fi í ṣe akápò. Ojú ìwé kìn-ín-ní ni a gbé ọ̀rọ̀ náà sí, pẹ̀lú lẹ́tà gàgàrà tí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ lè kà láìsọ̀kalẹ̀.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò fi dé ìlú náà. Wọ́n ka gbogbo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Kí ni àwa wá ṣe? A tẹ àtúnṣe. Ìlà mẹ́rin ni, ó wà ní ojú ìwé keje, lábẹ́ ìpolówó oògùn aràn. A kọ ọ́ níbẹ̀ pé a ti pe àkíyèsí wa sí i pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe díẹ̀ ti wọ inú ìròhìn wa nípa ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ èdè náà! Àṣìṣe wọ inú rẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé nígbà tí àwa ń sùn. A kò dárúkọ ọkùnrin náà, àwa tí a ti dárúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta ní ojú ìwé kìn-ín-ní.

Ó wá sí ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀. A ti múra ìjà sílẹ̀, a tilẹ̀ ti rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ pe agbẹjọ́rò wa. Ọkùnrin náà jókòó, ó yọ ìwé ìròhìn méjèèjì láti inú àpò agbádá rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ó ní: "Ẹ̀yin ọ̀gá, mo rí àtúnṣe yín. Ẹ ṣeun. Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè. Àwọn tí ó ka ti àkọ́kọ́, ta ni yóò lọ sọ fún wọn kí wọ́n ṣí ojú ìwé keje?" Ó wá sọ fún wa, láìgbé ohùn sókè, pé ìyàwó òun tí ń ta èlùbọ́ ti di ẹni tí àwọn kan ń pè ní aya olè ní ìsọ̀ rẹ̀, àti pé ọmọ òun kan ti kọ̀ láti lọ sí ilé-ìwé. Ó mu omi tí a fún un, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí ìlú rẹ̀. Ìbá bú wa, ìbá sàn fún wa.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò tẹ ìwé ìròhìn rí. Nínú iṣẹ́ tiwa, irọ́ a wọ mọ́tò lọ, òtítọ́ a sì jókòó sí ojú ìwé keje, a máa retí ẹni tí yóò rí i. Láyé òde òní tí ìròhìn ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ náà tún ti burú sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa ni, kí ó lọ wo ìtàn. Ó ti lé ní 160 ọdún tí a ti ń tẹ ìwé ìròhìn ní èdè Yorùbá, láti oṣù Kejìlá ọdún 1859 tí Àlùfáà Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n fi ìwé ìròhìn jà fún òmìnira wa ni a máa ń yìn jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ìyìn kò gbọdọ̀ dí wa lójú.

Ẹ wo baba wa Herbert Macaulay. Kò sí ẹni tí ó wà nínú ìyẹ̀wù yìí tí kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ní ọdún 1923 ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1927, òun àti Dókítà Caulcrick ra ìwé ìròhìn Lagos Daily News, wọ́n sì sọ ọ́ di ohùn àwọn tí kò lóhùn. Ìjà tí ó gbóná jù lọ nígbà náà ni ti Ọba Èṣùgbàyí Elékò, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀ lóyè ní 1925 tí wọ́n sì lé lọ sí Ọ̀yọ́. Ìjà òtítọ́ ni. Ní ọdún 1931 pàápàá, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ìjọba kò lè fi ọwọ́ agbára gba òmìnira ènìyàn láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá ó bá òfin mu. Ọdún yẹn náà ni Elékò padà sí Èkó. Ṣùgbọ́n ní 1928, nígbà tí ìjà náà ń lọ lọ́wọ́, Lagos Daily News tẹ àgbọ́sọ kan jáde pé àwọn kan ti gbìmọ̀ láti pa Elékò. Ìjọba gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, Macaulay sì lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjìyà akọni lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ìdájì òtítọ́ nìyẹn. Ìjọba náà ń wá ọ̀nà láti mú un, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi okùn lé wọn lọ́wọ́? Àgbọ́sọ tí a kò lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn ni. Ìjà lè jẹ́ òdodo, kí ìròhìn tí a fi ń jà á má jẹ́ òdodo. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A mọ̀ pé àwọn kan yóò fajú ro sí wa nítorí pé a sọ èyí nípa baba. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún baba rẹ̀ kò ní láti sọ pé baba rẹ̀ kò ṣubú rí.

Ìwé ìròhìn Yorùbá náà ní tirẹ̀. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú Àkéde Èkó, lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tí ó ń fi ẹkún jẹ́wọ́ ìgbé-ayé rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní Èkó gbà pé ènìyàn gidi ni. Wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n bá a kẹ́dùn. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 ó sọ ọ́ di ìwé, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ sì ń kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Àwa fẹ́ràn ìwé náà, a sì ń kà á títí di òní. Síbẹ̀, bí a bá fi ojú oníwèé-ìròhìn wò ó, kò yẹ kí a rẹ́rìn-ín jù: àwọn tí ó sunkún yẹn gba Àkéde Èkó gbọ́ nítorí pé ìwé ìròhìn ni.

Èyí tí ó burú jù ni ti 1948. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ́tí sí èyí. Ní apá kan ni Daily Service wà, ní apá kejì West African Pilot tí Dókítà Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Ìwé ìròhìn ajìjàgbara ni àwọn méjèèjì. Ọ̀tá kan náà ni wọ́n ní, ìyẹn ìjọba àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, wọ́n yí gègé wọn sí ara wọn. Ojoojúmọ́ ni èkíní ń kọ ohun tí yóò mú kí Yorùbá bínú sí Ìgbò, tí èkejì sì ń kọ ohun tí yóò mú kí Ìgbò bínú sí Yorùbá. Ó dé ibi tí àwọn ènìyàn láti apá méjèèjì fi ya lọ sí ọjà ní Èkó, tí wọ́n ń ra àdá. Ìwé ìròhìn méjì ni ó rán wọn lọ ra àdá yẹn! Ọlọ́run nìkan ni ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn padà sílé láìfi ẹ̀jẹ̀ kùn wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ ìtàn òṣèlú wa bóyá ọgbẹ́ yẹn ti jinná. Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń ka àwọn ìwé ìròhìn àtijọ́ wọ̀nyẹn, ohun tí a máa ń rí ni ẹ̀sùn tí ẹnì kan fi kan ẹnì kejì. A kò tí ì rí ibi kan tí èyíkéyìí nínú wọn ti sọ pé: "Àwa náà ni a dá iná yìí."

Nígbà tí àwa kò bá bá ara wa wí, àwọn mìíràn wà tí inú wọn yóò dùn láti bá wa ṣe é. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé Òfin Kẹrin jáde. Ohun tí wọ́n fi bojú ni pé àwọn oníwèé-ìròhìn ń parọ́ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí òfin náà jáde, a rí i pé òtítọ́ pàápàá kò lè gba ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròhìn The Guardian ní Èkó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ wọn san 50,000 náírà. Ní 1985 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò parọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tí àwọn ẹlòmíràn nínú wa ti pa láti ọdún wọ̀nyí wá ni àwọn ológun fi ṣe aṣọ bo ìkà wọn.

Ó yẹ kí a wo òde náà díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròhìn Washington Post wà lára àwọn tí ó tú àṣírí tí ó mú kí Ààrẹ Nixon fi ipò sílẹ̀ ní 1974. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, ìwé ìròhìn yìí kan náà tẹ ìtàn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sí lára. Arábìnrin Janet Cooke ni ó kọ ọ́. Gbogbo ìlú mì. Àwọn ọlọ́pàá wá ọmọ náà kiri, wọn kò rí i. Àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ń kùn pé bóyá ni ọmọ yìí wà, ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn jù. Ní oṣù Kẹrin 1981, wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀bùn Pulitzer. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó jẹ́wọ́ pé kò sí ọmọ náà níbì kankan. Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí: ilé-iṣẹ́ náà dá ẹ̀bùn padà, wọ́n sì ní kí Bill Green, ẹni tí wọ́n gbà láti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn òǹkàwé, tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi àwọn ọ̀gá léèrè, ó kọ orúkọ wọn, ó sọ ibi tí olúkúlùkù ti di ojú rẹ̀. Ojú ìwé kìn-ín-ní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ oògùn aràn.

New York Times náà ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003 nígbà tí akọ̀wé wọn kan, Jayson Blair, ń jókòó sílé tí ó ń kọ ìròhìn ìlú tí kò dé. Ní 2004, wọ́n tún jẹ́wọ́ pé àwọn kò yẹ ọ̀rọ̀ ohun ìjà Iraq wò bí ó ti yẹ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, èyí pẹ́, nítorí pé àwọn òkú ogun kì í ka àtúnṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ni ìwé ìròhìn Guardian, tí a dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1821, tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹta ọdún 2023 pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi owó tì í lẹ́yìn rí èrè wọn láti inú òwú tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú gbìn. Wọ́n ya owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 pọ́ùn sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 202 ọdún. Bí ó ti wù kí ó rí, wọ́n tú ìwé ara wọn wò.

A mọ ohun tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ń rò bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní: "Olóòtú, ìwé ìròhìn ẹgbẹ́ ni tiwa. Bí a bá jẹ́wọ́ lónìí, ẹgbẹ́ kejì yóò gbé e ká lọ́la." Ẹ̀yin baba wa, òtítọ́ ni, wọn yóò gbé e ká. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbé ká báyìí ńkọ́? Ní ìlú tí akápò yẹn ń gbé, bí a bá kọ ọ́ nísinsìnyí pé òyìnbó ni òyìnbó, wọn kì yóò gbà wá gbọ́. A ti sọ òtítọ́ púpọ̀ láti ìgbà náà nípa ojú ọ̀nà wọn àti nípa omi wọn, kò sì sí ẹni tí ó kà á níbẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ pàdánù nìyẹn, kò sì hàn nínú ìwé ìṣirò owó wa.

Àwọn mìíràn bi wá bóyá kò ní sàn kí ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa sọ fún olóòtú ìgbà tí ó jẹ̀bi. Rárá o. Ní Rọ́ṣíà láyé Stalin, ìbára-ẹni-wí pọ̀ nínú ìwé ìròhìn ju èyí tí ẹ lè kà tán lọ, ẹgbẹ́ ni ó sì ń pàṣẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jẹ́wọ́ jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe, ẹ̀wọ̀n tàbí ikú ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ fún ọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Irú kejì tí a kò fẹ́ ni ti àwọn tí ń lu àyà nínú àpéjọ bí irú èyí pé "gbogbo wa ni a ti ṣẹ̀," tí wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "gbogbo wa" lẹ́nu oníwèé-ìròhìn, ẹ fura.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú wa, èyí ni yóò máa ṣẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn kò ní kọjá lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a ti gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa tàbí ọ̀tá wa. Bí ó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, a ó kọ ọ́ pé ó kọ̀. Ojú ìwé tí àṣìṣe bá ti wáyé ni àtúnṣe yóò wà, lẹ́tà wọn yóò sì tóbi bákan náà. A kò tún ní sọ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó ṣe é. Ẹ̀rọ wa ti gbé ẹ̀bi wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó yẹ kí ó sinmi. Àwọn kan nínú yín yóò rí i pé èyí yóò mú kí iṣẹ́ falẹ̀, àwọn oníwèé-ìròhìn mìíràn yóò sì máa ṣáájú wa. A ti rò ó, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ti akápò yẹn, a kọ̀wé sí i ní oṣù tí ó kọjá, a sì rán ẹnì kan lọ ka ohun tí a fẹ́ tẹ̀ sí i létí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ohun kan ṣoṣo ni kí a yọ kúrò, ibi tí a ti kọ ọ́ pé "ó ṣeé ṣe kí a ti ṣẹ̀ ẹ́." A ti yọ "ó ṣeé ṣe." Orúkọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní kíkún, tiwa náà yóò sì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni yóò jáde, ní ojú ìwé kìn-ín-ní. Ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé kí a fi 20 ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òun ní ìsọ̀ òun kí ọjà tó kún.